Nígbà Tí Ìlédìí Ọmọ Bá Gan

Láìpẹ́ yìí, ìyàwó kékeré kan tí ilé wọn kò jìnnà sí tiwa ní Àgùdà gbé ọmọ rẹ̀ olóṣù mẹ́rin wá bá mi. Ìdí ọmọ náà pọ́n, ó sì ti sú.

“Àǹtí,” ni ó wí, “ìyá ọkọ mi ní n kò mọ aṣọ fọ̀, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni mo ń fọ ìlédìí.”

Ó mú ọ̀kan jáde nínú àpò. Òórùn rẹ̀ ń ta sánsán. Mo kán omi sí i lórí. Omi náà dúró bí ìgbà tí òjò bá kán sórí ewé kókò.

Ọmọbìnrin yìí mọ aṣọ fọ̀. Nígbà tí ìlédìí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gan ni ó ra oògùn olóòórùn dídùn tí ń mú aṣọ rọ̀, tí ó sì ń dà á sínú omi ìṣanṣọ. Oògùn náà a máa fi nǹkan bí ọ̀rá bo ara òwú. Aṣọ yóò rọ̀ lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní lè fa omi dáadáa mọ́. Aṣọ tí kò fa omi, kí ni a fẹ́ fi ṣe ìlédìí? Lọ́fínńdà inú rẹ̀ a sì tún máa bá ara ọmọ mìíràn jà.

Ọṣẹ tí a kò ṣàn kúrò tán ni ó sábà ń mú aṣọ gan. Bí ọṣẹ kì í bá tètè hó nínú omi kànga tàbí bọ̀hóòlù yín, omi náà le. Òun àti ọṣẹ yóò di ìdọ̀tí funfun tí ń lẹ̀ mọ́ òwú. Omi òjò kò ní wàhálà yìí. Ẹ gbé garawa sábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí òjò bá ti fọ òrùlé.

Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Hokkaido ní Japan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé omi díẹ̀ tí ó ń kù lára òwú tí a sá ni ó ń so fọ́nrán rẹ̀ pọ̀ bí àtè. Nítorí náà, ẹ gbọn aṣọ pàà kí ẹ tó sá a, kí ẹ sì fi ọwọ́ ra á nígbà tí ó bá gbẹ.

Ọtí kíkan funfun, fínígà tí à ń rà lọ́jà, ni mo fún un. Ẹ kọ́kọ́ ṣan ọṣẹ kúrò lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, ẹ da ṣíbí ìjẹun 4 sínú garawa omi ìkẹyìn, kí ẹ rẹ aṣọ sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ fún un, kí ẹ sì sá a. Òórùn rẹ̀ kì í kù bí aṣọ bá gbẹ. Ẹ má dà á sínú omi ọṣẹ, nítorí yóò sọ ọṣẹ di ọ̀rá. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ Jik tàbí Hypo láé! Èéfín klórínì tí yóò jáde lè ṣe ènìyàn ní ìjàǹbá, pàápàá nínú balùwẹ̀ tóóró.

Ẹ lọ ìlédìí náà pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù gbígbóná. Eṣinṣin túmbù a máa yé ẹyin sára aṣọ tí ó tutù níta, ìdin rẹ̀ a sì wọ awọ ọmọ. Ooru áyọ́ọ̀nù ń pa ẹyin náà, ó sì ń mú aṣọ rọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni a fi omi gbígbóná àti ọṣẹ díẹ̀ fọ ìlédìí ọmọ yìí kí ó tó tún fa omi. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé bí ara ọmọ kò bá yá ní ọjọ́ mẹ́ta, kí ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ara ọmọ yá. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ìyá ọkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: ó ń bèèrè iye tí wọ́n ń ta ìgò fínígà kan.