Jáńgírọ́fà Tí A Kò Tú

Ní Abraham Adésànyà Estate l'Ájàh, bí a bá rí ilẹ̀ tó ṣófo, ilé ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Charles Wicksteed, ẹnjiníà ará Kettering nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ra ilẹ̀ láti kọ́lé sí. Lọ́jọ́ àríyá àwọn ọmọdé kan, ó fi òpó igi àti ẹ̀wọ̀n ṣe jáńgírọ́fà fún wọn. Ayọ̀ wọn pọ̀ débi pé kò tú u mọ́. Láti ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ẹbí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun ìṣeré tà. Ní 1921, ilẹ̀ ilé di ọgbà ìṣeré.

Ẹ̀yin òbí, àwọn wẹ́dà wa mọ irin í jó. Ilẹ̀ ló kù. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀.