Ẹ Jẹ́ Ká Fi Yorùbá Ṣe Ìdánwò Kámẹ́rà

Láti tẹ́ẹ̀mù yìí, ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn wa ti ní òfin tuntun. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ di kámẹ́rà ẹgbẹ́ mú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìdánwò. Ìbéèrè mẹ́wàá ni, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sì ni gbogbo rẹ̀: aperture, shutter speed, depth of field, exposure, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá gba mẹ́fà kò ní fọwọ́ kan kámẹ́rà títí di tẹ́ẹ̀mù tó ń bọ̀. Èmi gba mẹ́jọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé torí mo fìdí rẹmi ni mo ṣe ń kọ èyí. Mo ń kọ ọ́ torí pé ìdánwò yìí ń mú àwọn tí kò mọ fọ́tò yà, ó sì ń lé àwọn tó mọ̀ ọ́n yà lọ. Kámẹ́rà kan ṣoṣo la sì ní.

Ẹ gbọ́ ná. Ọmọbìnrin kan wà ní JSS 2. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ya fọ́tò òde ìnáwó ní Ifọ̀n, òun náà sì máa ń tẹ̀ lé e lọ lọ́jọ́ Sátidé láti bá a gbé iná àti báàgì. Méjì ló gbà nínú mẹ́wàá. Nígbà tá a jáde, mo bi í ní Yorùbá pé, tí ibi tó fẹ́ yà bá ṣókùnkùn, tí kò sì sí fílàṣì ńkọ́? Kò tiẹ̀ ronú. Ó ní, "Sìníọ̀, màá la ojú ẹ̀ dáadáa, màá jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣẹ́jú, màá wá gbé e lé nǹkan kó má bàa gbọ̀n."

Gbólóhùn kan péré nìyẹn, ó sì ti dáhùn mẹ́ta nínú ìbéèrè wa: aperture, shutter speed, àti ohun tí wọ́n ń fi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ṣe. Òun ni kò ní fọwọ́ kan kámẹ́rà o. Ẹni tó gba mẹ́sàn-án, ọ̀rẹ́ mi ni, kò ní bínú sí mi, òun ló ya fọ́tò eré ìdárayá tẹ́ẹ̀mù tó kọjá, níbi tí gbogbo àwọn tó ń sáré ti dà bí èéfín.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ọmọ yẹn sọ. "Màá la ojú ẹ̀." Tẹ́ ẹ bá wo ojú ológbò lọ́sàn-án, dúdú inú rẹ̀ máa ń tín-ín-rín bí okùn, tó bá di alẹ́, á fẹ̀ roboto. Ohun tí ojú kámẹ́rà ń ṣe náà nìyẹn. Ihò kan wà nínú lẹ́ńsì tó ń fẹ̀, tó sì ń súnkì, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé púpọ̀ tàbí kó wọlé díẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ ló ń da gbogbo èèyàn láàmú, torí pé f/2 fẹ̀ ju f/16 lọ, ó wá dà bíi pé ayé dorí kodò. Kò dorí kodò. Iye ìgbà tí fífẹ̀ ihò náà wọ inú gígùn tí wọ́n kọ sára lẹ́ńsì ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Tí lẹ́ńsì bá jẹ́ 50mm, tí ihò rẹ̀ sì fẹ̀ tó 25mm, ẹ̀ẹ̀mejì ló wọ̀ ọ́, ó di f/2. Tí ihò bá kéré tó nǹkan bíi 3mm, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún ló wọ̀ ọ́. Bí ìgbà tá a pín búrẹ́dì kan ṣoṣo ni: bí èèyàn bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ègé á máa kéré sí i. Tí ihò bá fẹ̀, ẹni tá a tẹjú mọ́ nìkan ló máa mọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣe bàìbàì. Tó bá kéré, àtiwájú àtẹ̀yìn ló máa hàn. Mo ti ṣàlàyé depth of field tán nìyẹn, kò sì gba ìwé mẹ́ta.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni "kó tó ṣẹ́jú." Kí ni Yorùbá ń pe minute? Ìṣẹ́jú. Kí ni wọ́n ń pe second? Ìṣẹ́jú àáyá. Àáyá yìí, ìbátan ọ̀bọ inú igbó ni. Àwọn tó sọ àkókò lórúkọ bẹ́ẹ̀ ti ń fi ìpéǹpéjú wọn àkókò kí ẹnikẹ́ni tó gbé kámẹ́rà dé ilẹ̀ yìí. Shutter speed, kí ló tún jẹ́ bí kò ṣe bí kámẹ́rà ṣe yára ṣẹ́jú tó? Tó bá ṣẹ́jú láàárín ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú àáyá, ẹni tó ń sáré á dúró gbagidi nínú fọ́tò. Tó bá lo odindi ìdá kan nínú 15, ẹni náà á di èéfín, ẹ bi ọ̀rẹ́ mi. Ẹnì kan lè sọ pé ojú tiwa ń pa dé ni tó bá ṣẹ́, ti kámẹ́rà sì ń ṣí ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ JSS 2 kò ní ṣìnà nítorí ìyẹn. Ìgbà tó bá rí "the interval during which the sensor is exposed" ló máa ṣìnà. (Ṣé ẹ rántí bí onífọ́tò ṣe máa ń pariwo pé "Má ṣẹ́jú o"? Kí tiwa má bàa ṣẹ́ nígbà tí tiẹ̀ bá ń ṣẹ́ ni.)

Mo wá bọ́ sórí blur, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo wa ń lò tí fọ́tò bá ti bà jẹ́. "Ó ti blur." Kò tán síbẹ̀ o. Oríṣi mẹ́ta ló wà níbẹ̀, oògùn wọn kò sì jọra. Tí ọwọ́ ayàwòrán bá gbọ̀n, gbogbo nǹkan inú fọ́tò, títí kan ògiri, ló máa fà síbì kan náà. Tó bá jẹ́ ẹni tá à ń yà ló mira, ògiri á mọ́, òun nìkan ló máa dàrú. Tí kámẹ́rà bá wá tẹjú mọ́ ibòmíràn, ògiri á mú, ojú èèyàn á ṣe bàìbàì. Ó gbọ̀n, ó mira, kò tẹjú mọ́ ọn: ẹni tó bá sọ ọ́ báyìí ti mọ ohun tó máa tún ṣe. Ẹni tó bá sọ pé "ó ti blur" kò tíì sọ nǹkan kan.

Tó bá sì di pé ká sọ bí fọ́tò ṣe rí, mi ò mọ ìdí tá a fi ń jìyà pẹ̀lú bright àti dark nígbà tí Yorùbá kún fún un. Fọ́tò tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó funfun báláú. Èyí tí ìmọ́lẹ̀ kò tó, ó dúdú kirikiri. Ó mọ́ gaara, ó hàn kedere, ó dán gbinrin, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó rí ṣákaṣàka. Ní kíláàsì wa, èyí tí wọ́n yà lálẹ́ tó kún fún àmì wínníwínní la ń pè ní fọ́tò gààrí, kò sì sẹ́ni tí kì í mọ ohun tá à ń sọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ara wa. Kámẹ́rà kò mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Tá a bá fi í sílẹ̀ kó dá ṣe é, ó ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan bọ́ sí àárín dúdú àti funfun, bí àwọ̀ eérú. Ẹ wá gbé ọmọ dúdú bíi tèmi, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, síwájú ògiri funfun: kámẹ́rà á rí funfun tó pọ̀, á dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú ọmọ á wá dúdú kirikiri, eyín nìkan ló máa hàn. Nígbà tí wọ́n ń lo fíìmù, iléeṣẹ́ Kodak máa ń fi àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun kan ránṣẹ́ sáwọn tó ń fọ fọ́tò kí wọ́n lè fi ṣe òdiwọ̀n àwọ̀. Shirley ni wọ́n ń pè é. Ara Shirley ló máa ń bá a mu, ara tiwa kì í bá a mu. Ní 2021 ni Google ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé èyí tí wọ́n pè ní Real Tone sínú fóònù wọn, kí aláwọ̀ dúdú lè jáde bó ṣe rí. Nínú kámẹ́rà tiwa, bọ́tìnì kan ló wà fún fífi ìmọ́lẹ̀ kún un. Ìdánwò wa kò béèrè nípa rẹ̀.

Àwọn kan máa rò pé èmi ni mò ń hùmọ̀ pé Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún àwòrán. Ní 1973, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Robert Farris Thompson, gbé ìwádìí rẹ̀ jáde lórí bí àwọn Yorùbá ṣe ń sọ pé ère kan dára tàbí kò dára. Ó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn èèyàn ní abúlé àti ìlú: jíjọra, ìfarahàn, dídán, gígún, ọ̀dọ́. Ère gbọ́dọ̀ jọ èèyàn ṣùgbọ́n kó má jọ ọ́ jù, gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn, ó gbọ́dọ̀ dán, ó gbọ́dọ̀ dúró gán-án, ó sì gbọ́dọ̀ rí bí ẹni tó wà nínú agbára rẹ̀. Ní 1978, Stephen Sprague tó lọ wo àwọn onífọ́tò ní Ìlá Ọ̀ràngún kọ̀wé pé ìlànà yẹn náà wà nínú fọ́tò wọn. Ẹ lọ wo fọ́tò bàbá àgbà yín lára ògiri. Ó jókòó gán-án, ó kọjú sí wa, ọwọ́ wà lórí orúnkún, etí méjèèjì hàn, bàtà náà hàn. Onífọ́tò yẹn kò kàn ń tẹ bọ́tìnì, ó ń tẹ̀ lé ohun tí ojú àwọn èèyàn rẹ̀ ń fẹ́.

Ó tún ku ẹnì kan tó sún mọ́ wa dáadáa. J. D. 'Okhai Ojeikere, tí wọ́n bí ní 1930 ní Ovbiomu-Emai, ní ìpínlẹ̀ Edo tó bá wa pààlà. Ó ra kámẹ́rà Brownie ní 1950, ó ṣiṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ní Ìbàdàn, nígbà tó sì di 1968 ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin, títí tí oríṣi rẹ̀ fi tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan. Kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n bí onídìrí ṣe ń pe irun ló ṣe kọ ọ́: Ṣùkú, Onílé Gogoro. Nígbà tí wọ́n pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Venice ní Ítálì ní 2013, orúkọ yẹn bá a lọ. Kò sẹ́ni tó ní kó lọ wá Gẹ̀ẹ́sì wọn.

Mo mọ ohun tí àwọn olùkọ́ wa máa sọ, ọ̀rọ̀ náà sì ní ìwọ̀n tirẹ̀. Wọ́n á ní Gẹ̀ẹ́sì ni WAEC fi ń ṣe ìdánwò, wọ́n á sì ní fọ́tò yíyà wà lára iṣẹ́ ọwọ́ 34 tí ìjọba gbé wọ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà ní 2011. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò ní ká má kọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ ohun tí ihò yẹn ń ṣe, ọ̀sán kan tó fún un láti mọ̀ pé aperture ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó há aperture sórí láìmọ ihò, ó lè lo odindi ọdún kó má mọ̀ ọ́n. Nínú kíláàsì Yorùbá, ṣebí ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe là ń sọ, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀mọ̀wé bíi Ayọ̀ Bámgbóṣé ló jókòó kọ irú wọn jọ sínú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá. Wọn kò já bọ́ láti ọ̀run.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ àṣejù náà. Kámẹ́rà, kámẹ́rà ni. Lẹ́ńsì, fílàṣì, fíìmù, bátìrì, mẹ́mọ́rì, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní kí n máa pe fílàṣì ní "ẹ̀rọ ìtànmọ́lẹ̀ òjijì," ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó pè é tán.

Ohun tí mò ń béèrè kò pọ̀. Kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ lórí ìwé ìdánwò fún ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá dáhùn, tàbí ẹ̀ka èdè ilé wa níbí ní Arímọgijà, kí márùn-ún nínú ìbéèrè mẹ́wàá sì jẹ́ ti ọwọ́: gbé kámẹ́rà, ya ẹni tó ń sáré yẹn, ya ọmọ dúdú yẹn níwájú ògiri funfun. Kí wọ́n sì pe ọmọ JSS 2 yẹn padà kí tẹ́ẹ̀mù yìí tó parí, torí pé ọjọ́ ìgbẹ̀yìn ọdún ń bọ̀, mi ò sì fẹ́ kí fọ́tò àwọn SS 3 wa tún di èéfín.

Mo ti lẹ kádíbọ́ọ̀dù kan mọ́ abẹ́ ìwé yìí. Ẹni tó bá mọ ohun tí wọ́n ń pe zoom, tàbí àwọ̀ tó ti ṣí lára fọ́tò àtijọ́, nílé wọn, kó kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ fi báírò kọ ọ́, ẹ má fi pẹ́ńsù.