Ońdè Ò Sọ Pé Kí Ẹ Má Dé Kásíkì

Ọ̀rọ̀ orí la fẹ́ bá ara wa sọ lónìí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á dópin.

Láìpẹ́ yìí, a bá àwọn ọ̀dọ́ kan nídìí eré tí wọ́n ń pè ní Dungeons & Dragons. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 1974. Nínú eré náà, ẹnìkan á ní jagunjagun lòun, ẹlòmíràn á ní onídán lòun, wọ́n á sì jọ máa bá ewu pàdé. Ohun tí àwọn ọmọ náà ń jiyàn lé lórí ni pé bí jagunjagun bá ti wọ ẹ̀wù irin, ṣé a tún lè fi idán ìdáàbòbò kún un? Ìdáhùn inú ìwé òfin eré náà pé méjì. Idán kan wà tí wọ́n ń pè ní Mage Armor, ẹni tí kò wọ ẹ̀wù ogun kankan nìkan ló ń ṣiṣẹ́ fún. Òmíràn wà tí wọ́n ń pè ní Shield of Faith, ìyẹn ń fi 2 kún ààbò tí èèyàn ti ní tẹ́lẹ̀, ìbáà wọ ẹ̀wù irin tàbí kò wọ̀ ọ́.

A rẹ́rìn-ín, a kọjá. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé etí títì tó ti Porto-Novo gba Sakété lọ sí Pobè àti Kétu, ẹ̀rín náà tán lẹ́nu wa. Àwọn zémidjan ń sáré kọjá. Ìfúnpá wà lápá ẹnìkan, tírà wà lọ́rùn èkejì, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà ń mì lára dígí ẹ̀kẹta. Kásíkì ńkọ́? Wọ́n fi kọ́ ọwọ́ alùpùpù, wọ́n ń dúró de ìgbà tí ọlọ́pàá bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán kí wọ́n tó dé e. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní, “Mo ní nǹkan lára.”

Èyí ni pé àwọn èèyàn wa ti mú òfin àkọ́kọ́ inú eré yẹn, wọ́n sọ ọ́ di òfin ojú títì: bí oògùn bá ti wà lára, kí ni a tún ń fi ìhámọ́ra ṣe? Àwa ò wá bú oògùn ẹnikẹ́ni, a ò sì wá bú àdúrà ẹnikẹ́ni. Ohun tí à ń sọ ni pé òfin yẹn kì í ṣe ti àwọn baba wa. Lójú tiwọn, orí asà ni oògùn ń bọ́ sí. Kì í gba ipò asà.

Ẹ jẹ́ ká wo Kétu, tí kò jìnnà sí Pobè. Àwọn ará Kétu ayé àtijọ́ ní ètùtù, wọ́n sì ní babaláwo. Síbẹ̀, wọ́n wa yàrà jíjìn yí ìlú wọn ká, wọ́n mọ odi, wọ́n sì ṣe ẹnu ọ̀nà tí a mọ̀ sí Àkàbà Ìdènà. Ìtàn ìlú sọ pé agbára tí ojú lásán ò rí wà lára ẹnu ọ̀nà náà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí àgbà Kétu kan tó sọ pé nítorí agbára yẹn, kí wọ́n dí yàrà kí wọ́n sì wó odi. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dahomey dó ti ìlú náà ní 1886, ebi wà lára ohun tó mú Kétu títí wọ́n fi fọ́ ìlú, tí wọ́n sì kó èèyàn lẹ́rú lọ. Ìyẹn náà kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Bí odi àti oògùn tó jọ wà pọ̀ bá lè má tó, èwo ni ti ẹni tó ní oògùn nìkan?

Àwọn Ọ̀họ̀rí tó yí Pobè ká ńkọ́? Ta ni kò mọ̀ pé wọ́n gbóná? Nígbà tí wọ́n dìde sí àwọn Faransé ní 1914, wọn ò bọ́ sí gbangba kí wọ́n máa na àyà fún ìbọn. Ilẹ̀ dúdú wọn, tó ń di ẹrẹ̀ nígbà òjò tí ẹsẹ̀ àlejò kì í lè rìn nínú rẹ̀, ni wọ́n fi ṣe odi. Ẹ tún wo ọdẹ. Ọdẹ tó wọ ẹ̀wù tí wọ́n rán ońdè mọ́ lára ṣì ń wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, ó ṣì ń fi igi bo ara rẹ̀, kò sì ní tẹ ewé gbígbẹ lásán. Ẹni tó bá mọ iyì oògùn kì í dán an wò láìnídìí.

A mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé kásíkì gan-an ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí àjọ tó ń mójú tó ojú pópó ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọlọ́kadà tí kò dé kásíkì, àwọn èrò kan kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn ò ní dé èyí tí ọlọ́kadà gbé fún wọn, nítorí kí wọ́n má lọ fi oògùn gba orí àwọn. Ní Kano, àwọn ọlọ́kadà kan tilẹ̀ dé igbá gbígbẹ láti fi tan ọlọ́pàá jẹ. Igbá! Ohun tí a fi ń bu omi mu!

Orí ṣe pàtàkì fún ọmọ Yorùbá, a gbà. Àwọn baba wa ló sọ pé orí là bá bọ, a bá fòrìṣà sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí kò bá fẹ́ kásíkì onílé, kó ra tirẹ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ ò bá tíì ká a, kó fi gèlè tàbí fìlà pẹlẹbẹ sí abẹ́ ti zémidjan, kó sì so okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n dáadáa. Ẹni tó sọ pé nítorí òun bọ̀wọ̀ fún orí lòun ṣe gbé e síta fún ọ̀dà, ṣé ọ̀wọ̀ nìyẹn?

Ní 2008, àwọn onímọ̀ ìlera kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀. Wọ́n rí i pé kásíkì ń dín ikú àwọn tó bá ní jàǹbá alùpùpù kù ní ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ìpalára orí kù ní ìdá 69 nínú 100. Kò pé ọgọ́rùn-ún, ẹ ṣàkíyèsí. Àyè ṣì wà níbẹ̀ fún àdúrà, fún sùúrù, àti fún ká má sáré àsápajúdé.

Ẹ̀bẹ̀ wa rèé, ẹ̀yin oníṣègùn, ẹ̀yin àlùfáà àti ẹ̀yin pásítọ̀. Àwọn ọmọ wa máa ń gbọ́ tiyín nígbà tí wọn ò gbọ́ ti ọlọ́pàá. Kò sí oògùn tí kò ní èèwọ̀. Ẹ ti ń sọ fún wọn pé ẹ má jẹ báyìí, ẹ má ṣe báyìí. Ẹ fi ẹyọ kan kún un: ẹni tó bá gba ìfúnpá, tírà tàbí àdúrà ìrìn àjò lọ́wọ́ yín, èèwọ̀ rẹ̀ ni kó gun alùpùpù láìdé kásíkì. Bí ó bá fojú di èèwọ̀ náà, kó má pe oògùn yín ní irọ́.

Ẹ̀yin ìyá náà, tí ẹ ń pọn ọmọ sẹ́yìn lórí alùpùpù lọ sọ́jà, ẹ bá wa dá sí i. Ẹ má gun ti ẹni tó fi kásíkì kọ́ ọwọ́ alùpùpù. Bí owó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lójú rẹ̀, á yára dé e.

Kí ni ẹ̀yin rí sí i? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohùn yín láti Sakété, láti Pobè, àti láti òkè ọ̀hún. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ṣe àmín tán, ẹ jẹ́ ká na ọwọ́ mú kásíkì.