Ẹ́ńjìnnì Tuntun, Bíréèkì Àtijọ́

Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo, ẹ́ńjìnnì tí kì í jẹ epo púpọ̀ ni awakọ̀ ń wá. Kò yani lẹ́nu bí ẹni tó ní píkọ́ọ̀pù Peugeot 404 ní Ìsẹ́yìn, irú ọkọ̀ àtijọ́, bá fẹ́ ki ẹ́ńjìnnì ìgbàlódé bọ inú rẹ̀. Ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n eré tuntun lórí bíréèkì àtijọ́, ewu ńlá ni. Bí ọkọ̀ bá ru iṣu láti Ṣakí, tí bíréèkì, sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ kò tó agbára ẹ́ńjìnnì náà, kò ní dúró níbi tí awakọ̀ fẹ́. Owó bíréèkì ni kí ó kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀. Ẹ̀mí ènìyàn kò ní tókúnbọ̀.