Ọjọ́ Tòlótòló L'Ámẹ́ríkà: Ẹ̀yin Ìyá Àgbà, Ẹ Má Pè Tìtorí Owó Nìkan!

Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní tiwọn ya odidi ọjọ́ kan sọ́tọ̀ nínú ọdún fún ọpẹ́, ìjọba sì fi òfin dè é. Thanksgiving ni wọ́n ń pè é, ìyẹn Ọjọ́ Ìdúpẹ́. Àwọn míì tiẹ̀ ń fi ṣeré pé Ọjọ́ Tòlótòló ni, nítorí ẹran tó ń kú lọ́jọ́ náà kò kéré.

Ẹlòmíì á ní, "Kí ló kan ìyá aláṣọ ní Gbági tàbí bíríkìlà l'Ábẹ́òkúta nínú tòlótòló òyìnbó?" Ó kàn wọ́n gbọ̀ngbọ̀n! Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ọmọ ní Houston, ní Maryland, ní New York tàbí ní Chicago. Àwọn ọmọ náà ti bímọ sọ́hùn-ún. Bí ìyá àgbà bá wá pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ọmọ á ní, "Hi, Grandma," á sì sáré padà sídìí tẹlifíṣọ̀n. Ó parí! Inú ìyá àgbà á bàjẹ́, á ní òyìnbó ti gba ọmọ mọ́ òun lọ́wọ́. Ọjọ́ Ìdúpẹ́ yìí gan-an ni ọjọ́ tó dára jù láti fi tún ọ̀rọ̀ náà ṣe.

Ọjọ́bọ̀ kẹrin nínú oṣù Nofẹ́ńbà ló máa ń bọ́ sí. Kì í ṣáájú ọjọ́ 22, kì í sì í kọjá ọjọ́ 28. Ọdún 1941 ni àwọn aṣòfin wọn fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé ìwé á tì, báńkì á tì, ọ́fíìsì ìjọba á tì. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé kì í ṣí mọ́ títí di Mọ́ńdè.

Obìnrin opó kan ló jà fún ọjọ́ yìí. Sarah Josepha Hale lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1822 ni ọkọ rẹ̀ kú, tó fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀ fún un àti oyún ìkarùn-ún nínú. Ó fi kálàmù wá oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀ títí tó fi di olóòtú ìwé ìròyìn àwọn obìnrin. Òun náà ló kọ "Mary Had a Little Lamb" tí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi wa ń kọ lórin títí dòní. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ló ń kọ lẹ́tà sí àwọn ààrẹ, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, pé kí gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà máa dúpẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Kò sú u. Nígbà tó di 1863, tí ogun abẹ́lé ń jà láàárín wọn, Ààrẹ Abraham Lincoln kéde ọjọ́ náà. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ń dá tọ́mọ, ẹ ò rí nǹkan!

Ìtàn tí wọ́n ń sọ fún àwọn ọmọ ní ilé ìwé tún jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1620 ni ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Mayflower kó àwọn òyìnbó bí 100 láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí Plymouth. Òtútù àti àìsàn pa bí ìdajì wọn kí ooru tó mú. Àwọn onílẹ̀, ẹ̀yà Wampanoag, ló dúró tì wọ́n. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tisquantum ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi ẹja sínú ebè kí àgbàdo lè ta dáadáa. Nígbà tí ìkórè dé ní 1621, wọ́n jọ jẹ, wọ́n jọ mu fún ọjọ́ mẹ́ta. Massasoit, olórí àwọn onílẹ̀, kó ọkùnrin bí 90 wá, wọ́n sì pa àgbọ̀nrín 5 wá sídìí àsè.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò dùn dópin o. Nígbà tó di 1675, ogun ti bẹ́ láàárín àwọn ọmọ àlejò àti àwọn ọmọ onílé, ilẹ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ onílẹ̀. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ìdí nìyí tí àwọn kan nínú ọmọ onílẹ̀ fi ń pé jọ ní Plymouth lọ́jọ́ náà láti 1970, tí wọ́n sọ ọ́ di ọjọ́ ọ̀fọ̀. Òbí tó bá ń sọ ìtàn yìí fún ọmọ, kó sọ ọ́ tán, kó má sọ ìdajì.

Ó yá, ká mú ilé ọmọ Yorùbá kan wò ní Houston: bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta, tí àkọ́bí jẹ́ ọmọ ọdún méje, tí àbíkẹ́yìn ṣì ń wọ́ tọ ìyá rẹ̀ kiri. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni àkọ́bí ti mú bébà dé láti ilé ìwé. Ó gbé ọwọ́ lé bébà, ó yà á yí po, ó di tòlótòló: àtàǹpàkò ni orí, ìka mẹ́rin yòókù ni ìyẹ́. Tíṣà ní kó kọ ohun tó ń dúpẹ́ fún sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè dé: "Mọ́mì, ṣé àwa náà máa se tòlótòló bíi tàwọn ọmọ kíláàsì mi?" Bàbá ní ẹran ewúrẹ́ lòun mọ̀ ní tòun. Ìyá ní kí wọ́n ṣe é fún ọmọ, kójú má bàa tì í láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹran náà kì í ṣe ẹran kíákíá o! Ó ti gan bí òkúta nínú fíríìsà kí wọ́n tó rà á. Tòlótòló tó bá wọn pọ́n-ùn 15, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ló máa lò nínú fíríìjì kó tó rọ̀. Ìyàwó ilé tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí lálẹ́ Ọjọ́rú, ó ti pẹ́ jù! Bó bá rọ̀ tán, wọ́n á fi ata rodo, àlùbọ́sà, táìmù àti kọ́rì pa á lára, á sì tó wákàtí mẹ́rin nínú ààrò. Àwọn òyìnbó ń fi ọ̀dùnkún àti páì elégédé jẹ ẹ́. Nílé Yorùbá, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, dòdò àti mọ́ínmọ́ín ló ń jókòó tì í. Àwọn ọmọ á tún máa pariwo pé ata ti pọ̀ jù.

Ibẹ̀ ló ti yẹ kí òbí ṣọ́ra. Kò sí ọjọ́ kan nínú ọdún tí iná ìdáná ń ṣe ọṣẹ́ nínú ilé l'Ámẹ́ríkà tó ọjọ́ yìí. Àwọn tó mọ̀ nípa iná ní kí ọmọdé jìnnà sí sítóófù tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kí àgbàlagbà má sì fi ohun tó wà lórí iná sílẹ̀ lọ sídìí bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n.

Kò tán síbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń sinmi lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ́hùn-ún ló ń ṣe nọ́ọ̀sì tàbí tó ń tọ́jú arúgbó, ọsibítù kì í sì í ti ilẹ̀kùn. Kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ tó fi dandan mú ilé iṣẹ́ aládàáni pé kó sanwó lé owó nítorí ọdún. Ìyá ọmọ lè ṣiṣẹ́ òru mọ́jú, kó délé láago mẹ́jọ àárọ̀, kó wẹ̀, kó sì kọjú sí ilé ìdáná. Lójú ìyá àgbà nílé, ọmọ òun ń jayé dọ́là. Kò mọ̀ pé oorun ló ń kun ọmọ òun lójú.

Lásìkò yìí ni fóònù á dún. Ìyá àgbà ni! Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ńkọ́? "Owó ṣọ́ọ̀bù tí mo sọ, ibo ló dé dúró?" Gbogbo ọmọ ilé ló ń gbọ́ o. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, ọmọ á rò pé Owó ni orúkọ ìyá àgbà. Àìní lè wà lóòótọ́, ọjà lè má yá. Ṣùgbọ́n Fúráídé ń bọ̀ lọ́la, ẹ jẹ́ kó di ìgbà yẹn.

Ẹ̀bi náà kò sì sí lọ́rùn ìyá àgbà nìkan. Àwọn òbí kan ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá ọmọ sọ̀rọ̀ láti Jánúárì dé Disẹ́ńbà. Bí fóònù bá wá dún, wọ́n á ti ọmọ síwájú: "Oyá, kí Grandma!" Kí ni kó fi kí i? Ọmọ ò lè sọ èdè tí wọn ò fi bá a sọ̀rọ̀ rí.

Báwo ni ká ti wá ṣe é? Aago tiwa fi wákàtí mẹ́fà ṣáájú ti New York àti Maryland lóṣù náà, ó sì fi méje ṣáájú ti Houston àti Chicago. Bí aago mẹ́jọ alẹ́ bá lù n'Íbàdàn, aago kan ọ̀sán ni ní Houston. Ọlọ́jà ti palẹ̀ ọjà mọ́, tòlótòló wà nínú ààrò, ọmọ wà nílé. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ pè.

Ẹ fi oríkì pe ọmọ kẹ́ ẹ tó pe orúkọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ Àbẹ̀kẹ́ ni, ẹ pe Àbẹ̀kẹ́. Bó bá jẹ́ Àkànní ni, ẹ pe Àkànní, kẹ́ ẹ sì kì í díẹ̀. Ẹ bi í ní ohun tí wọ́n ń sè, ẹ ní kó fi bébà tòlótòló rẹ̀ hàn yín lórí WhatsApp. Ẹ pa àlọ́ Ìjàpá kan, kó má gùn, kí ìyá rẹ̀ máa túmọ̀ ibi tí kò bá yé e. Ẹ sọ ohun kan tí ẹ̀yin náà ń dúpẹ́ fún lọ́dún yìí. Ẹ má sì bú ìyá ọmọ lójú ọmọ pé kò kọ́ ọ ní Yorùbá.

Ẹ̀yin òbí lọ́hùn-ún, ẹ kọ́ ọmọ kí fóònù tó dún. Kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, kó ní, "Ẹ káalẹ́, mà." Oòrùn á máa ràn lọ́dọ̀ tiẹ̀, á sì fẹ́ mọ ìdí tí òun fi ń kí alẹ́ lọ́sàn-án gangan. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti ṣàlàyé fún un pé ilé tí wọ́n ti ṣẹ̀ jìnnà, pé ilẹ̀ ti ṣú níbẹ̀, àti pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ràn rẹ̀.

Àwọn kan á ní ọdún òyìnbó ni, kò kan Yorùbá. Àwa tá a ní ọdún ìjẹṣu, tá à ń ṣe Ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, tá à ń dúpẹ́ bí aboyún bá sọ̀ láyọ̀, ọpẹ́ ha lè jẹ́ àjèjì sí wa bí? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà ti gùn dé Houston báyìí, orí ọmọ ṣì ń fẹ́ ọwọ́ àgbà. Ẹni tó ní ọmọ-ọmọ lọ́hùn-ún, kó ti ra dátà sílẹ̀ kí Ọjọ́bọ̀ tó dé.