Ìwé Tí Aláìsàn Kò Gbọdọ̀ Tẹ̀ka Sí

Bí ọkọ̀ bá ṣe ará Àjàgbà kan léṣe, kò tí ì dìde lórí ibùsùn tí ọlọ́kọ̀ yóò fi gbé owó díẹ̀ wá, tí yóò sì ní kí ó tẹ̀ka sí ìwé pé ọ̀rọ̀ ti parí. Àwọn ará ilé a ní àmúwá Ọlọ́run ni. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀.

Òfin Nàìjíríà ti pa á láṣẹ pé kí ọlọ́kọ̀ ní ìnṣọ́ránsì nítorí ẹlòmíràn tí ọkọ̀ rẹ̀ lè pa lára. Agbẹjọ́rò ni ó mọ bí a ti ń gba owó náà: yóò wá ìwé ọlọ́pàá àti ti dókítà, yóò sì ṣírò oko tí ẹlẹ́sẹ̀ kíkán kò lè ro mọ́, kì í ṣe owó oògùn nìkan. Ẹni tí ó ti tẹ̀ka ti sọ iṣẹ́ yìí di ìṣòro fún un.

Tálákà ńkọ́? Legal Aid Council, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1976, ní àṣẹ láti gba ẹjọ́ ìjàm̀bá rò fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ó yẹ kí ìjọba jẹ́ kí gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ tí wọ́n ń gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá bá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á yé wọn kí àtàǹpàkò tó kan tàdáwà.