Pé Ọlọ́hun Mọ̀ Ọ́n Kò Ní Kí A Má Kọ Ọ́ Sílẹ̀

 

Ọ̀pọ̀ ilé Mùsùlùmí ni bàbá àgbà kan wà tí ó ti ṣe iṣẹ́ sójà rí. Ó lè jẹ́ pé ó ja ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970. Ó sì lè jẹ́ pé ó bá ECOMOG lọ sí Liberia tàbí Sierra Leone lẹ́yìn ọdún 1990. Mẹ́dàlì tọ́ sí i níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fẹ̀yìntì, tí wọ́n fi ìwé rẹ̀ lé e lọ́wọ́, méjì ni wọ́n kọ síbẹ̀ dípò mẹ́rin. Bí àwọn ọmọ bá ní kí àwọn bá a wá àtúnṣe sí i, èsì kan náà ni bàbá máa ń fọ̀: "Ẹ fi í sílẹ̀, Ọlọ́hun mọ̀ ọ́n." Ọ̀rọ̀ onígbàgbọ́ ni, a kò sì gbọdọ̀ fojú kékeré wò ó. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni bóyá ó tó ohun tí a fi ń pa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Sayyidina Umar, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i. Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ja ogun Nahawand ní ilẹ̀ Páṣíà ní ọdún 21 lẹ́yìn Hijira, èyí tí í ṣe ọdún 642, Nu'man ọmọ Muqarrin tí ó jẹ́ olórí ogun kú sójú ìjà. Òjíṣẹ́ tí ó mú ìròyìn wá sí Mọ̀dínà dárúkọ àwọn gbajúmọ̀ tí wọ́n kú. Ó wá fi kún un pé àwọn mìíràn náà kú tí Umar kò mọ̀. Àwọn òpìtàn Mùsùlùmí ròyìn pé ńṣe ni Umar bú sẹ́kún, tí ó sọ pé kò pa wọ́n lára bí òun kò bá mọ̀ wọ́n, níwọ̀n ìgbà tí Ọlọ́hun ti mọ̀ wọ́n.

Ìtàn yìí ni ó fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ bàbá wa múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Umar yìí kan náà ni ó dá Díwáánì sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 20 lẹ́yìn Hijira. Ìwé ni Díwáánì, tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn ọmọ ogun sí ní ìdílé ìdílé, pẹ̀lú iye owó tí ó tọ́ sí olúkúlùkù. Ohun tí ẹni tí ó ja ogun Badr ń gbà ju ti ẹni tí ó dé lẹ́yìn lọ, nítorí pé iṣẹ́ wọn kò dọ́gba. Umar mọ̀ pé Ọlọ́hun mọ gbogbo wọn, síbẹ̀ ó ní kí akọ̀wé mú kálàmù. Ẹkún rẹ̀ wà fún àwọn tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó mọ́; ìwé rẹ̀ wà fún àwọn tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì tó. Bàbá tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ọwọ́ wa ṣì tó o.

Ní orílẹ̀-èdè wa, ìlú tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni Lọ́kọ́jà ní ìpínlẹ̀ Kogí, níbi tí Odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé. Ibẹ̀ ni Lugard dé ní ọdún 1898 láti kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun West African Frontier Force jọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ta àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900. Ibi ìrántí àwọn ọmọ ogun tí wọ́n kú nínú ogun àgbáyé wà nínú ìlú náà. Lọ́kọ́jà kan náà ni Command Army Records wà, ìyẹn ilé-iṣẹ́ ológun tí ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn sójà ilẹ̀ wa. Èyí ni pé fáìlì bàbá tí ó ń gbé ní Ìṣẹ́yìn tàbí ní Ìwó lè wà ní Lọ́kọ́jà.

Bárékè ológun kan wà ní Lọ́kọ́jà tí ó ń jẹ́ Chari Maigumeri. Ta ni Chari Maigumeri? Sójà ọmọ ilẹ̀ Bornu ni. Lábẹ́ àwọn Jámánì ní Kamẹrúùnù ni ó ti kọ́kọ́ ja Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Iron Cross. Lẹ́yìn náà ni ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1944, nínú ogun Bọ́mà, ó tún gba Military Medal. Ìjọba méjì tí wọ́n bá ara wọn jà ni wọ́n yẹ́ ẹni kan ṣoṣo sí! Bí kì í bá ṣe pé ẹnì kan kọ èyí sílẹ̀, ta ni ìbá gbà á gbọ́ lónìí?

Ẹ ṣàkíyèsí orúkọ ọkùnrin náà. Magumeri ni orúkọ ìlú kan ní Bornu. Bí wọ́n ti ń kọ orúkọ sójà nígbà náà nìyẹn: orúkọ ẹni, kí wọ́n sì fi orúkọ ìlú rẹ̀ tì í. Momodu tí ó ti Ìlọrin wá di Momodu Ilorin, Sule tí ó ti Ìbàdàn wá di Sule Ibadan. Orúkọ bàbá wọn kò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ mẹ́dàlì ló lè ti ibí yìí sọnù. Akọ̀wé kan kọ Buraimoh, èkejì kọ Ibrahim. Èkíní kọ Bakare, èkejì kọ Abubakar. Èkíní kọ Yesufu, èkejì kọ Yusuf. Àwa mọ̀ pé ẹnì kan náà ni, ṣùgbọ́n fáìlì kò mọ̀. Bí ìwé mẹ́dàlì bá dé ní orúkọ kan, tí fáìlì sì wà ní orúkọ mìíràn, àwọn méjèèjì kì í pàdé. Ìdí mìíràn tún wà. Wọ́n lè ti gbé sójà kúrò nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ìwé mẹ́dàlì tó dé, ó sì lè jẹ́ pé ilé ìwòsàn ni ó wà ní ọjọ́ tí wọ́n ń pín in.

Nínú Suratul Ahzab, ẹsẹ̀ 5, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé kí a máa fi orúkọ bàbá ọmọ pe ọmọ, nítorí pé èyí ni ó bá ẹ̀tọ́ mu jù lọ́dọ̀ Rẹ̀. Lórí ọmọ tí a gbà tọ́ ni ẹsẹ̀ náà sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ gbòòrò: ẹ̀tọ́ ènìyàn ni pé kí a kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti jẹ́ gan-an. Nínú Suratu Hud, ẹsẹ̀ 85, Ànábì Shuaib kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe dín ohun tí ó jẹ́ ti ẹlòmíràn kù. Kì í ṣe orí òṣùwọ̀n ọjà nìkan ni a ti ń dín ohun ẹni kù.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, àjọ tí ó ń bójú tó ibojì àwọn ọmọ ogun Commonwealth gbé ìròyìn jáde lórí àwọn tí wọ́n kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Wọ́n rí i pé àwọn tí iye wọn wà láàrin 45,000 sí 54,000, tí àwọn ọmọ Íńdíà àti àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà lára wọn, ni wọn kò fún ní ìrántí tí ó dọ́gba pẹ̀lú ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Àwọn mìíràn tí wọ́n tó 116,000 ó kéré tán, tí wọ́n sì lè tó 350,000, pàápàá àwọn ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì, ni wọn kò kọ orúkọ wọn sí ibi ìrántí kankan, tàbí tí wọn kò tilẹ̀ ṣe ìrántí wọn rárá. Mínísítà ètò ààbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tọrọ àforíjì ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn. Ọgọ́rùn-ún ọdún ti kọjá kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Àwọn tí ìbá jẹ́rìí ti kú tán.

Ẹ tún wo Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùrẹ́-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí ó wọṣẹ́ sójà ní ọdún 1942. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn Japan kọlu ẹgbẹ́ rẹ̀ ní etí odò Kaladan ní ilẹ̀ Bọ́mà, ìbọn sì bà á. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tí ó ń jẹ́ Shuyiman ni ó fún òun àti sójà kejì, ọmọ Sierra Leone, ní oúnjẹ, tí ó sì fi wọ́n pamọ́ títí àwọn ọmọ ogun tiwọn fi dé ní oṣù Kejìlá. Kò sí orúkọ Shuyiman nínú ìwé ìsanwó ológun kankan. Fadoyebo fúnra rẹ̀ ni ó jókòó tí ó kọ ìtàn náà, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní ọdún 1999. Ohun tí ó kọ ni oníròyìn kan ń tọ̀ tí ó fi rí àwọn ọmọ Shuyiman ní Bọ́mà ní ọdún 2011, tí ó sì jẹ́ iṣẹ́ ìdúpẹ́ bàbá náà fún wọn. Fadoyebo kú ní ọdún 2012. Bí ó bá dúró sí ọdún kan sí i, tàbí bí kò bá kọ ọ́ rárá, ọpẹ́ náà kì bá tí dé.

Àwọn kan yóò sọ pé bí bàbá bá ń wá mẹ́dàlì kiri, ṣé kò ní di ṣekárími? Ìbéèrè gidi ni, nítorí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ máa bá a, kìlọ̀ fún wa nípa ẹni tí ó jagun kí wọ́n lè pè é ní akínkanjú. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ànábì Yusuf nínú Suratu Yusuf, ẹsẹ̀ 50. Ọba ní kí wọ́n mú un jáde kúrò lẹ́wọ̀n. Kò sáré jáde. Ó ní kí òjíṣẹ́ padà lọ bi ọba léèrè nípa ọ̀ràn àwọn obìnrin tí wọ́n gé ọwọ́ ara wọn. Ó fẹ́ kí òdodo hàn kí òun tó jáde. Ṣekárími ni kí ènìyàn fẹ́ ohun tí kò ṣe tàbí kí ó fi èyí tí ó ṣe gbéraga. Kí ó tún àkọsílẹ̀ ṣe kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì náà sì wà: Suratu Al-Imran, ẹsẹ̀ 188, fi ìyà kìlọ̀ fún àwọn tí wọ́n fẹ́ kí a máa yìn wọ́n fún ohun tí wọn kò ṣe. Nítorí náà, mẹ́dàlì mẹ́rin ni kí a béèrè bí ó bá jẹ́ mẹ́rin. A kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di márùn-ún.

Báwo ni kí a ṣe é? Ẹ kọ́kọ́ jókòó ti bàbá, kí ẹ kọ nọ́ńbà sójà rẹ̀ sílẹ̀, orúkọ gbogbo tí wọ́n fi pè é níbi iṣẹ́, ẹgbẹ́ tí ó wà, ibi tí ó jagun dé àti ọdún rẹ̀. Ẹ wá ìwé tí wọ́n fi tú u sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ àti àwòrán àtijọ́. Bí orúkọ bá yàtọ̀, ẹ lọ ṣe ìwé ìbúra ní kóòtù pé ẹnì kan náà ni. Ẹ wá àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tí wọ́n ṣì wà láàyè, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fojú ara wọn rí, nítorí Suratun Nisai, ẹsẹ̀ 135, ní kí a jẹ́rìí òdodo, ìbáà tako àwa fúnra wa. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà tí ó ṣe kedere: èyí ni ohun tí ó wà nínú ìwé, èyí ni ohun tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, èyí ni ẹ̀rí wa. Ẹ̀dà ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Kí ojúlówó ìwé wà nílé. Kí ẹ sì rántí pé ọ̀tọ̀ ni ibi tí àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wà, ọ̀tọ̀ ni àjọ tí ó ń san owó ìfẹ̀yìntì ológun ní Àbújá. Àtúnṣe ọ̀kan lè má dé èkejì. Kí ẹ ṣọ́ra fún ẹni tí ó bá ní òun yóò bá yín sáré ọ̀rọ̀ náà gba ẹ̀yìn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ó ti pẹ́ jù. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2000, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ kéde pé àwọn ológun tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé wọ́n jà níhà Biafra, ìfẹ̀yìntì ni kí a kà á sí fún wọn. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ogun ni wọ́n yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà nínú ìwé, ọ̀rọ̀ náà sì yí ipò ènìyàn padà.

Ọjọ́ 15 oṣù kìíní lọ́dọọdún ni ìjọba máa ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun wa. Ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ náà. Bàbá tí ó bá ní Ọlọ́hun mọ̀ ọ́n, ẹ dá a lóhùn pé òótọ́ ni, ẹ ní Ọlọ́hun kan náà ni ó pàṣẹ nínú Suratul Baqarah, ẹsẹ̀ 282, pé kí a kọ gbèsè sílẹ̀, ìbáà kéré, ìbáà tóbi, kí a sì pe ẹlẹ́rìí sí i. Iṣẹ́ bàbá jẹ́ gbèsè lọ́rùn orílẹ̀-èdè. Kí àwa ọmọ rẹ̀ mú kálàmù.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn bàbá wa ní ẹ̀mí gígùn pẹ̀lú àlàáfíà. Kí Ó forí jin àwọn tí wọ́n ti lọ, àwọn tí a mọ̀ àti àwọn tí a kò mọ̀. Kí Ó jẹ́ kí ìwé wa ní ayé bá òdodo mu, kí Ó sì fi ìwé wa lé wa ní ọwọ́ ọ̀tún ní ọjọ́ Àlùkìyáámọ̀. Àmín.